Nípa Ike Inú Ọkọ̀ Tí Oòrùn Ti Gba Àwọ̀ Lára Rẹ̀

Ìwé mẹ́ta ni ó wà ní orí tábìlì wa ní ọ̀sẹ̀ yìí tí ó jọ ń béèrè ohun kan náà, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn rí. Èkíní ti ọwọ́ ìyá kan wá, olùkọ́ ilé-ìwé ni, ẹni tí baba rẹ̀ fi ọkọ̀ Toyota Camry ti ọdún 2003 sílẹ̀ fún, irú èyí tí àwọn ará Èkó sọ ní Big Daddy. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò ní àrùn kankan, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di ohun ìtìjú: dáṣíbọ́ọ̀dù ti ṣá, orí ike ilẹ̀kùn sì ti funfun bí ẹni pé a fi eérú pa á. Akunkọ̀ kan ní àdúgbò rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun yóò fẹ́ ọ̀dà dúdú sí gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán kan, láìtú ohunkóhun kúrò. Ìyá náà béèrè bóyá kí òun gbà.

Àwa ti fèsì pé kí ó má ì tíì gbà. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé ní gbangba lónìí, nítorí ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti rí ogún ọdún ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ìsìn, tí ó sì ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí inú ọkọ̀ rẹ̀ rí bí ilé tí a gbá, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é, ó sì ní ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó bá ike náà jà. Ike jẹ́ ohun tí a fi ẹ̀wọ̀n gígùn-gígùn ṣe, ẹ̀wọ̀n tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí i. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìtànṣán kan wà tí a kò rí pẹ̀lú, òun ni ó ń já àwọn ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí díẹ̀díẹ̀, títí ojú ike yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ a máa dí púpọ̀ nínú ìtànṣán yìí, nítorí pé ewé méjì ni a lẹ̀ pọ̀ tí a sì fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn. Ṣùgbọ́n gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kì í sábà dí i tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí orí ilẹ̀kùn fi ń tètè funfun. Ní ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ooru ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 2018 àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ìta gbóná ju ìwọ̀n 37 lọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, dáṣíbọ́ọ̀dù ti gbóná tó ìwọ̀n 69, ìtọ́kọ̀ sì tó 53. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí a ń dáná sí lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kò lè ṣàìpa àwọ̀ dà.

Bí dáṣíbọ́ọ̀dù náà bá jẹ́ irú èyí tí ó ní awọ rírọ̀ lójú, tí a ń fi ike PVC ṣe, ooru yìí tún ń fa epo inú rẹ̀ jáde, èyí tí ó mú kí ó rọ̀. Kùrukùru ọlọ́ràá tí ẹ ń rí nínú gíláàsì iwájú, tí omi lásán kò lè fọ̀ kúrò, láti inú epo náà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí epo bá tán, awọ náà a le, a sì ya. Ọ̀dà kò lè dí ibi tí ó ti ya, bí ó ti wù kí a kùn ún tó. Oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì péré yóò tún ṣí i.

Ní ọjà, wọn a máa ta ọ̀dà kan nínú agolo fífẹ́, wọn a sì máa pè é ní aró ike. Orúkọ náà ń ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́nà. Àwọn ìyá wa aláró ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo mọ̀ pé òwú ni aró ń wọ̀: ó ń mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu omi, ìdí nìyí tí aró ẹlú kò fi mú aṣọ tí a fi òwú ike hun. Ike kì í mu ohunkóhun bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú agolo náà jẹ́ ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó lè tẹ̀ láìfọ́, tí ó sì jókòó lé ojú ike. Ó lè di ojú ike mú dáadáa fún ọdún púpọ̀ bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. Bí a kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, èékánná ọmọdé kan tó láti ṣí i bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ mọ irú ike tí ẹ ní. Ẹ tú ẹyọ kan kúrò, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ ó sì rí lẹ́tà tí a tẹ̀ sí àárín àmì méjì tí ó dà bí orí ọfà. Bí ó bá jẹ́ ABS, tàbí PC+ABS, iṣẹ́ náà kò le, nítorí ọ̀dà a máa di irú ike bẹ́ẹ̀ mú. Bí ó bá jẹ́ PP ni ẹ ó kíyèsára, òun sì ni ó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ ayé òde òní, nítorí pé ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ọ̀dà lórí PP dà bí omi lórí ewé kókò. Ó ní omi mìíràn tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ sí i kí ọ̀dà tó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Adhesion promoter ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é, ẹ sì lè béèrè rẹ̀ ní orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ọ̀dà ọkọ̀. Akunkọ̀ tí kò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá dárúkọ yìí fún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì wá ẹlòmíràn. Àwọn kan a máa sọ pé kí a ha díẹ̀ nínú ike náà sínú omi, pé bí ó bá léfòó, PP ni. Òótọ́ ni pé PP lásán a máa léfòó, ABS a sì máa rì; ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pò PP ọkọ̀ mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta tálíkì, irú èyí tí a ti fi ṣe páúdà ọmọdé rí, tí ó fi ń rì pẹ̀lú. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀lé.

Wàyí o, ọ̀ràn fífọ̀. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ibí yìí kan náà ni àwọn akunkọ̀ kì í fẹ́ dúró sí, nítorí pé ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá kò rí i. Ogún ọdún ni ọ̀rá ọwọ́, òógùn, èéfín àti eruku ti fi ń wọ inú ojú ike náà. Ohun tí ó tún burú ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni òróró dídán tí àwọn tí ń fọ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń fẹ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó lè máa kọ mànà. Púpọ̀ nínú irú òróró bẹ́ẹ̀ ní silicone nínú. Níbi tí ó bá ṣẹ́kù, bí ó tilẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ọ̀dà yóò sá fún un, yóò sì fi ihò roboto sílẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ojú ẹja. Kò sí ọ̀dà kejì tàbí ìkẹta tí ó lè bo ojú ẹja mọ́lẹ̀. A ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí a fi ń fọ eyín, nítorí pé ojú ike ọkọ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ bí awọ ẹran, inú àwọn ìlà náà sì ni ìdọ̀tí ń sùn sí. Ẹ ṣàn án. Ẹ tún un fọ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, ẹ fi sìpírítì tí a ń pè ní isopropyl nù ún pẹ̀lú aṣọ funfun mímọ́, kí ẹ sì máa yí aṣọ náà padà sí ibi tí kò tíì ní àbàwọ́n. Ẹni tí ó bá ń fi aṣọ ìdọ̀tí kan náà nù ún títí ń kó ọ̀rá láti ibì kan dé ibòmíràn ni. Nígbà tí aṣọ kò bá gbé ohunkóhun jáde mọ́, ẹ ta omi díẹ̀ sí ojú ABS tàbí awọ PVC náà. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀rá ti kúrò. Bí ó bá ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó kù síbẹ̀. PP ni kò ṣeé fi èyí dán wò, nítorí omi a máa ká jọ lójú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi kànrìnkàn eléérú ti àwọn akunkọ̀ ra á fẹ́ẹ́rẹ́, kìkì kí dídán rẹ̀ kú. Ẹ má ṣe fi sáńpépà líle gbo ó. Inú ẹ̀rọ tí ó mọ ike náà ni a ti tẹ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyí sí i. Ẹni tí ó bá gbo wọ́n dànù kò lè dá wọn padà mọ́, ibẹ̀ yóò sì máa dán bí orí apárí láàárín èyí tí ó kù. Ẹ má sì ṣe fi tínà nu ike, tàbí omi tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nítorí ohun tí ó wà nínú wọn a máa yọ́ ABS. Ní ti epo bẹntiróòlù, tí a gbọ́ pé àwọn kan ṣì ń fi ń fọ inú ọkọ̀, a kò mọ bí a ó ti kìlọ̀ tó. Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn, ó sì lè rìn dé ibi ààrò tàbí ibi ẹ̀rọ amúnáwá tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìwé kejì ti ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, tí ó ní ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì ti ọdún 2001. Ó ní bọ́tìnnì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ẹni fọwọ́ kan oyin, ó sì béèrè irú ọ̀dà tí yóò gbẹ ẹ́. Kò sí. Ní ìgbà náà, àwọn aṣọ́kọ̀ ní Yúróòpù fẹ́ràn láti fi ọ̀dà rírọ̀ kan bo ike, kí ó lè dà bí awọ múlọ́múlọ́ lábẹ́ ìka. Omi inú afẹ́fẹ́ ni ó ń tú ọ̀dà náà ká, ilẹ̀ olómi tí ó gbóná bí tiwa kò sì tù ú lára. Ẹ fi sìpírítì isopropyl nù ún, pẹ̀lú sùúrù, títí yóò fi kúrò pátápátá. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti bá ike líle dúdú, tí ó sábà máa ń lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní nílò ọ̀dà kankan. Ẹni tí ó bá kùn ún bẹ́ẹ̀ láìnù ún ti kọ́ ilé sórí ẹrẹ̀.

A dé ibi tí a fẹ́ kí gbogbo bàálé ilé dúró sí díẹ̀. Ní àárín ìtọ́kọ̀, àti nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ní iwájú ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀, ni a ká àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò sí. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ àpò méjèèjì di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ṣe láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, láti ilẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Ẹ ó rí lẹ́tà SRS tàbí AIRBAG lára ìbòrí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, àpò náà yóò là, yóò sì kún kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Kí ó lè jáde, ìbòrí náà gbọ́dọ̀ ya ní ojú ìlà kan pàtó tí a ti fá sínú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà tí ó nípọn, tàbí àmọ̀ tí a fi dí i kí a tó kùn ún, lè mú kí ó ya ní ọ̀nà mìíràn, èèpo ọ̀dà náà yóò sì fò sí ojú ẹni tí àpò yẹ kí ó gbà là. Ẹ má ṣe kùn ún. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ tútù, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ó ti rí. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó kú nítorí èyí.

Bákan náà ni bẹ́líìtì ìjókòó. Omi ọ̀dà àti aró lè sọ òwú rẹ̀ di aláìlágbára láìjẹ́ pé ojú rí i, nítorí náà ọṣẹ àti omi nìkan ni ó tọ́ sí i. Ẹsẹ̀ ìjánu náà kò gba ọ̀dà, nítorí yíyọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú ike èyíkéyìí tí ó súnmọ́ àpò afẹ́fẹ́, ẹ yọ orí bátìrì kí ẹ sì dúró. Ìwé àtúnṣe ti Toyota ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán, kí iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ tán. Wáyà tí ó ní orí òfeefèé jẹ́ ti àpò náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìtọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n ni ó tú u.

Ìyá olùkọ́ wa kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni akunkọ̀ náà ń lò láti di fìtílà mú sínú ọkọ̀ nígbà tí ó bá ń fẹ́ ọ̀dà. Èyí dùn wá púpọ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ tí a ń pò mọ́ hádénà kí a tó fẹ́ ẹ ní oògùn kan nínú tí a ń pè ní isocyanate. Ẹni tí ó bá ń fà á símú lè di alásímà títí ayé, aṣọ tí a dì mọ́ imú kò sì lè dá a dúró rárá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fẹ́ irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ yín nínú àgbàlá tí àwọn ọmọdé wà. Ike inú ọkọ̀ kò tilẹ̀ nílò rẹ̀. Ọ̀dà ike ti inú agolo tó, èyí náà sì ń fẹ́ gbangba ìta, ìbòmú alásẹ́ tí a ṣe fún èéfín ọ̀dà, àti kí aboyún àti ọmọdé jìnnà. Kí sìgá, ààrò àti ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà pẹ̀lú. Iṣẹ́ ni a rán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wá kọ́, kò wá fi ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe asẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Fífẹ́ ọ̀dà náà kò gbà tó àkókò tí ẹ ti lò ṣáájú. Tú ohun tí ó bá ṣeé tú, gbé e sórí pákó lábẹ́ ibòji. Ohun tí kò bá ṣeé tú, fi bébà àti tépù bo gbogbo àyíká rẹ̀. Kọ́kọ́ dán an wò ní ẹ̀yìn ike, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ní ọjọ́ kejì, lẹ tépù mọ́ ibẹ̀ kí o sì já a pẹ̀lú agbára. Bí ọ̀dà bá bá a wá, ìwọ ṣì ní fífọ̀ ṣe. Di agolo mú ní jíjìn tó ìwọ̀n ọwọ́ ènìyàn láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, kí o sì máa gbé e lọ láì dúró lójú kan. Ìgbà àkọ́kọ́, kí ó rí bí ìrì lásán, kí àwọ̀ àtijọ́ ṣì máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tún un ṣe, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yóò rí i pé ọ̀dà ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ náà yóò sì kún pa. Bí ó bá jẹ́ PP, ẹ ka ara agolo adhesion promoter láti mọ iye ìṣẹ́jú tí ọ̀dà gbọ́dọ̀ fi tẹ̀lé e, nítorí bí ó bá pẹ́ jù, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ní tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí ara agolo ní òkè òkun kò ronú nípa wa. Ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀, omi ọ̀dà tí ń fò lọ a máa mú ojú ike tutù, omi inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sẹ̀ sí ara ife omi tútù. Ọ̀dà dúdú yóò wá funfun bí ẹni pé a da wàrà sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Òwúrọ̀ tí ìrì ti gbẹ, kí oòrùn tó mú, ní ọjọ́ tí kò sí ìjì, òun ni ó dára jù.

Ní ti àwọ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ padà sí èyí tí ọkọ̀ náà bá wá. Lára àwo irin kékeré tí ó wà ní ẹnu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Toyota ni a kọ C/TR sí. Lẹ́tà tí ó ṣáájú ìlà jẹ́ ti àwọ̀ ara, èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti inú. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ sọ inú aláwọ̀ iyanrìn di dúdú. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí kọ́kọ́rọ́ tàbí bàtà bá ti ha á ni iyanrìn yóò ti yọjú, ooru rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ẹ má sì ṣe yan funfun tàbí ọ̀dà dídán fún orí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí àwòrán rẹ̀ yóò máa hàn nínú gíláàsì iwájú, yóò sì bo ẹni tí ń kọjá ní títì mọ́ awakọ̀ lójú. Ọ̀dà tí kò dán ni ti ibẹ̀.

Nígbà mìíràn, kí a má kùn ún rárá ni ó sàn. Ìbòrí kékeré kan tí ó ti fọ́ tàbí tí ó ti ya, ẹ lè rí èyí tí ó dára ju tiyín lọ lára ọkọ̀ tí a tú ní Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ní ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Gate ní Ìbàdàn, ní owó tí kò tó ti ọ̀dà àti iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku ìwé kẹta. Ọkùnrin kan fẹ́ ra ọkọ̀ tí inú rẹ̀ tuntun ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì béèrè bóyá kí òun yọ̀. Àwa ní kí ó kọ́kọ́ wò ó. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a kun ike kí a sì ta ọkọ̀, bí a bá sọ fún olùrà pé a kùn ún. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn kan ń fi ọ̀dà bo ibi tí omíyalé ti dé, àwọn mìíràn sì ń ṣe èyí tí ó burú jùlọ: àpò afẹ́fẹ́ ti là nínú ìjàǹbá, wọ́n fi ìbòrí òfìfo dí ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì kùn ún kí ó jọ èkejì. Irú dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni ibojì tí a fi ẹfun kùn. Kí ó wo orí sikúrù àti etí kápẹ́ẹ̀tì bóyá ọ̀dà ta sí wọn. Kí ó wo lẹ́tà SRS, bóyá ọ̀dà ti kún inú rẹ̀. Kí ó fa bẹ́líìtì jáde títí dé òpin, nítorí ẹrẹ̀ omíyalé a máa fi ìlà sílẹ̀ níbi tí kò sí ẹni tí ń fọ̀ ọ́. Kí ó sì yí kọ́kọ́rọ́: iná àpò afẹ́fẹ́ nínú Toyota gbọ́dọ̀ tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, kí ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ ọ́ tàbí ó ti fọ́. Bí kò bá kú, àrùn wà. Nínú méjèèjì, kí ó fi owó rẹ̀ sí àpò títí mẹkáníìkì tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ike tí a kùn a máa gbẹ lójú láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá a padà sínú ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ má sì fi ọṣẹ kàn án títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé. Láti ìgbà náà lọ, aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó o; ẹ sọ fún àwọn tí ń fọ ọkọ̀ pé a kò fẹ́ òróró dídán mọ́. Ẹ fi páálí tàbí aṣọ bo gíláàsì iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú oòrùn. Ọ̀dà tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ dojú agolo rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní tú àwọ̀ mọ́, kí ẹnu rẹ̀ má bàa dí. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ibi tí ẹ fi kùn sára rẹ̀. Inú ilé tí ó tutù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, ní ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Kí ó má ṣe wà nínú búùtù ọkọ̀ o, nítorí a ti kọ ọ́ sí ara irú agolo bẹ́ẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 50 lọ.